Hanus Tó Ń Dojú Bolẹ̀ ní Bèbè Àpáta

Darandaran ni Hanus. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyẹ lomvigi bá ti ojú òkun dé láti wá yé ẹyin sára àpáta Skúvoy, erékùṣù wa, òun ni gbogbo wa ń wá. Àwọn ọkùnrin á di okùn mú lókè, ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ẹyin, Hanus á dojú bolẹ̀ ní bèbè, ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn. Ohun tí ẹni ìsàlẹ̀ bá fi okùn sọ, òun ló ń gbọ́ ọ. Òun náà ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí okùn Pól, ọkọ mi, já.

Nígbà tí Regin, ọmọ kan ṣoṣo tí Pól fi sílẹ̀ fún mi, ní ó kan òun láti sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn gun òkè. Obìnrin kì í sábà lọ. Wọ́n wojú mi.

"Bàbá Hanus, ẹ má sùn lọ o," Regin wí, ó ń so okùn mọ́ ìbàdí.

"Ìwọ ni kó o má sùn. Lomvigi á rò pé ẹyin ni ọ́, á sàba lé ọ lórí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ ni kùrukùru bolẹ̀. Ariwo ẹyẹ nìkan ló kù, bí ìgbà tí mọ̀lẹ́bí ń jà du ilẹ̀. Okùn mì lẹ́ẹ̀kan, ó dẹ̀.

"Ó ti fà á, ó fẹ́ gòkè," ni Símun, olórí àwọn tó di okùn mú, wí.

"Kò fà á. Ẹ dúró."

"Hanus, etí rẹ ti darúgbó. Ó yá, ẹ fà."

Wọ́n fà á. Okùn ń fò sókè fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Nígbà tí ìdí rẹ̀ yọ, kò sí Regin níbẹ̀.

Hanus fọwọ́ yẹ ìdí okùn wò. "Kò já. Ó tú u ni, kó lè rìn lórí pèpéle àpáta lọ bá ẹyin. Àwa la gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Pèpéle yẹn kò fẹ̀ ju pákó ìjókòó lọ, ìgbẹ́ ẹyẹ sì ti mú un yọ̀. Tó bá nawọ́ sí okùn tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, ó parí nìyẹn.

Hanus ní ká pa ẹnu mọ́. Níbi tí ènìyàn bá dúró sí, ẹyẹ á sá, ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Ó fàyà wọ́ lọ síhìn-ín, ó wọ́ lọ sọ́hùn-ún, ó ń fetí wá ibi tó dákẹ́. Ó wá sọ okùn kalẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Okùn mì. Mo fò mọ́ ọn.

"Ìyá Regin, fi sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni."

Ó tún mì.

"Ẹyẹ ni."

Mo ki ìkúùkù bọ ẹnu kí n má baà kígbe. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an.

"Òun nìyẹn. Ẹ fà," ni Hanus wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó wúwo. Regin yọ lórí bèbè, ẹyin fọ́ wẹ́wẹ́ láyà rẹ̀. Mo dì mọ́ ọn.

Hanus ò dìde. Símun ló ń ṣí ìka rẹ̀ kúrò lára okùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Hanus, ẹ dìde, mo ti dé," Regin wí.

"Mo rí ọ. Jẹ́ kí n wà níbí ná. Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbà pé o ti gòkè."