Poro Ẹ̀yìn Etí

Mùsítúrà ni gbogbo ìlú Ọ̀jọ́ máa ń pè láti wẹ ọmọ tuntun. Epo pupa ni yóò kọ́kọ́ fi pa ara ọmọ, kí ọ̀rá tó bá a wáyé lè bọ́, kó tó kan kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú. Nọ́ọ̀sì kan ní bárékè àwọn ṣọ́jà ló kọ́ ọ ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ibi gbogbo tí ara bá ti là bíi poro oko, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn etí, ìbáà jẹ́ nínú ọpọlọ: sọ́kọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Bí ó bá ti rí abiyamọ, yóò ní kó tún sọ́kọ́ọ̀sì ọmọ rẹ̀ wò.

Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí àgbàlagbà bá ń rùn, ẹni tó wẹ̀ ẹ́ lọ́mọ tuntun là ń bú.

Ọdún tí owó epo rọ̀bì gba ìgboro, tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì dí etíkun Èkó pa, Àlàní onísìmẹ́ńtì gbé Fàúsátù níyàwó. Ọmọ tí Mùsítúrà wẹ̀ ni Fàúsátù. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, lọ́fínńdà tó ń dà sára sì tún sọ ọ́ di ìríra. Mo jókòó tì í níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbà. Àkàrà tó wà lẹ́nu mi kọ̀, kò gba ọ̀fun lọ. Ìyá Àlàní gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́jà pé Mùsítúrà ni kò wẹ ọmọ náà dáadáa. Èmi náà bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà lọ. Ti Mùsítúrà ti wá ń rùn bí ìyàwó náà. Aboyún méjì tó ti bá a ṣàdéhùn lọ pe ẹlòmíràn.

Ni Mùsítúrà bá gbé bàsíà, ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sílé Àlàní kí ẹlẹ́rìí lè wà. Ìṣojú ìyá ọkọ ló ti yẹ Fàúsátù wò. Abíyá mọ́, abẹ́ ọmú mọ́. Ó wá nawọ́ sí wíìgì orí rẹ̀. Fàúsátù dì í mú, àmọ́ Mùsítúrà ṣí i.

Ẹ̀gbin rèé! Egbò ti là sí poro ẹ̀yìn etí méjèèjì. Ọyún, òógùn àti páúdà ti dì síbẹ̀. Mo sáré jáde lọ bì.

Nígbà tí mo padà, Mùsítúrà ń bi í léèrè ìgbà tó ti bọ́ wíìgì náà kẹ́yìn. Fàúsátù wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Màámi yìí ló ní ìyàwó olówó kì í ṣí orí sílẹ̀ bí ará oko."

Mùsítúrà fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ ọjọ́ kan. Ìyá Àlàní bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá kí ọ̀rọ̀ náà má jáde. Mùsítúrà gbé wíìgì lé e lọ́wọ́.

"Ọjà lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹ gbé e débẹ̀, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀."

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sọ́jà. Ìyá Àlàní na ọwọ́ tó fi dì í mú jìnnà sí imú, mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ẹnu tí mo fi bá wọn sọ ọ́ ń rí mi lára ju wíìgì náà lọ.