Ilẹ̀ Kàrátè Lẹ́yìn Ilé-Iṣẹ́ Bátìrì

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Joju, ní Sàngó-Ọ̀tà, ibẹ̀ sì ni olùkọ́ kàrátè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti kọ́kọ́ wá bá mi. Ó gbé aṣọ funfun kan lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun tún abíyá rẹ̀ rán. Mo bi í pé kí ló fà á ya. Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ́." Kò rẹ́rìn-ín. Mo rán an. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó tún dé, abíyá ti ya padà. Ó ní iṣẹ́ mi ò burú, pé ó yẹ kí òun ti sọ fún mi pé ẹgbẹ̀rún ẹ̀ṣẹ́ lòun ń jù láràárọ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ti bí ọmọ méjì, ẹ̀yìn sì ń dùn mí gan-an nítorí ìjókòó ìdí maṣíìnì. Òun ló ní kí n wá máa dúró sẹ́yìn kíláàsì òun, kí n máa na ara. Mo lọ lọ́jọ́ kan. Ọdún kọkànlá rèé.

Sẹ́ńséì la máa ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ làwọn oníkàrátè ṣe ń pe olùkọ́ wọn. Bàbá Kàrátè làwọn ará àdúgbò ń pè é ní tiwọn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ti wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ọkùnrin kan tó ń kọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ilé ìwé, kò sì sí ọjọ́ kan tó fò láti ìgbà náà. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, wọ́n wá ọkọ ìyàwó títí, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti bá a, ó ti bọ́ agbádá sílẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, ó ti ṣe tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń sunkún, ó ń ju ẹ̀ṣẹ́. Kò kọ́lé, kò ra mọ́tò. Tẹ́nikẹ́ni bá bi í pé kí ni kàrátè fún un, á ní, "Ó fún mi ní àárọ̀."

Ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ kíláàsì tuntun síbẹ̀, wọ́n ní ká wá ibòmíì lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni Sẹ́ńséì rí iṣẹ́ ọ̀gá sìkiọ́rítì ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ibẹ̀ tí wọ́n fi kankéré tẹ́, ó fẹ̀, ó tẹ́jú, ògiri yí i ká. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní kó máa lò ó láràárọ̀. Inú wa dùn débi pé ọjọ́ méjì gbáko la fi gbá ibẹ̀.

Eruku tá a gbá náà ò dà bí eruku. Ó wúwo. Ó dúdú díẹ̀, ó sì máa ń dán tí oòrùn bá kàn án. Tá a bá gbá a tán lónìí, a ó tún bá a níbẹ̀ lọ́la. Èéfín máa ń yọ lókè ògiri, kì í sì í gòkè lọ bí èéfín tó kù, ṣe ló máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí wa. Ẹnu mi á máa dùn lọ́nà kan tí kò tọ́, bí ìgbà téèyàn lá irin. Obìnrin kan tó ní pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn ògiri sọ fún wa pé mẹ́sàn-án ti kú mọ́ òun lọ́wọ́ láàárín oṣù kan, pé wọ́n á kọ́kọ́ máa yí bírí lójú kan, wọ́n á wá ṣubú. Sẹ́ńséì ní kó pẹ̀lẹ́, a sì wọlé lọ.

Kíláàsì wa kì í bẹ̀rẹ̀ láì kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Sẹ́ńséì gbà pé ohunkóhun tí kò bá dáa nínú ara, èémí ló ń lé e jáde. A ó tò, a ó dijú. "Ẹ fà á sínú," á wí. "Ẹ jẹ́ kó dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ dì í mú." Àgbà mọ́kànlélógún àti ọmọdé mẹ́rìnlá, a ó fà á sínú, a ó dì í mú, a ó ka mẹ́wàá.

Èmi ni mò ń rán aṣọ gbogbo wa. Nígbà míì tí ìyàwó Sẹ́ńséì bá rìnrìn-àjò, mo máa ń fọ tirẹ̀ mọ́ tèmi. Omi àkọ́kọ́ á dà bí omi eérú. Omi kẹta náà ò ní mọ́. Mo rí i, mo sì dà á nù.

Nígbà tá a ti lo bí ọdún mẹ́rin níbẹ̀, Sẹ́ńséì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ní inú ń run òun. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ń mu àgbo sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà míì á dúró láàárín ọ̀rọ̀, á fọwọ́ di ikùn mú, òógùn á bò ó, lẹ́yìn náà á máa bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Orí ń fọ́ àwa náà. Oòrùn la dá a lẹ́bi fún.

Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wó, Sátidé ni, ọjọ́ ìdánwò tá a fi ń gba bẹ́líìtì tuntun. Ó bọ́ síwájú láti ṣe kátà han àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Kátà ni kéèyàn dá nìkan máa jà, lọ́nà tó ní ètò, bí ẹni pé ọ̀tá wà níwájú àti lẹ́yìn. Ó yí sí òsì, ó fi apá dí i. Ó yí sí ọ̀tún, ó ju ẹ̀ṣẹ́. Apá nà gbọnrangandan. Àmọ́ ọwọ́ ò bá a lọ. Láti ọrùn-ọwọ́ ló ti wó sílẹ̀, ó ń fì bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n ti pa.

Gbogbo wa rí i. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ti ọ̀tún, ó wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ kátà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ojú ibẹ̀, ọwọ́ tún wó. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mo sùn lé e lórí ni," ó wí, ó sì ní kí wọ́n máa bá ìdánwò lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi báńdéèjì di ọrùn-ọwọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìyàwó rẹ̀ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò mú aṣọ wá.

"Àbúrò mi, kò lè fi ọ̀tún gbé ṣíbí mọ́. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́."

"Kí ló ní ó fà á, mà?"

"Ó ní ara òun ń dán òun wò ni. Ṣe ló tún fi kún ẹ̀ṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ló ń jù báyìí."

Àwọn kan nínú kíláàsì ti ń sọ pé ayé ló bá a jà. Èmi náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ kọ́sítọ́mà mi ló là mí lójú. Ó wá gba yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, mo sì ń ròyìn Sẹ́ńséì fún un bí mo ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ó bi mí pé níbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Inú ń run ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Jẹ̀díjẹ̀dí ló pè é."

"Àǹtí, òjé ni. Òjé tó wà nínú bátìrì. Ẹ ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ."

Mo ní àwa kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀, pé kàrátè nìkan là ń ṣe níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ń mí níbẹ̀, àbí ẹ ò mí?"

Mo lọ bá Sẹ́ńséì lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ó wí. "Ara mi ò tíì purọ́ fún mi rí. Tí òjé bá wà nínú rẹ̀, ṣé mi ò ní mọ̀ ni?"

"Ẹ ò ní mọ̀, sà."

"Má sọ ọ́ létí àwọn ọmọ."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo dúró sórí ìlà, mo fi ìborùn di imú àti ẹnu. Ó rí mi kó tó ní ká dijú.

"Ìwọ télọ̀, tú ìyẹn."

"Mi ò ní lè tú u, Sẹ́ńséì."

Kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i rí nínú kíláàsì. Ojú rẹ̀ ò yí padà. "Jáde nígbà náà."

Mo tẹrí ba, mo jáde. Mo dúró lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka mẹ́wàá, ohùn àwọn ọmọdé ló ròkè jù. Mo sọ fún ìyá méjì lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan mú ọmọ rẹ̀ kúrò, èkejì ní ìlara ń ṣe mí. Lẹ́yìn ìyẹn mo pa ẹnu mọ́. Ó yẹ kí n padà wọlé lọ pariwo. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo bí mo ṣe ń rò ó títí dòní, mi ò rí àwáwí kankan fún ara mi.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sẹ́ńséì wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi apá há bẹ́líìtì dúdú rẹ̀ mọ́ra. Ó gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ìgúnpá.

"Bá mi rán kókó rẹ̀ pa, kó o wá fi ìkọ́ sí i lẹ́yìn, kí n kàn máa fi kọ́ra."

"Ta ló ń bá yín so ó látijọ́ yìí, sà?"

"Ìyàwó mi." Ó na apá òsì sí mi. "Láàárọ̀ yìí, òsì náà wó."

Mo ká bẹ́líìtì náà, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ tí mò ń kó sísọ́ọ̀sì sí, mo sì tì í. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń ṣe é, torí ẹnikẹ́ni kì í dédé fọwọ́ kan bẹ́líìtì olùkọ́. Mo ní, "Ilé ìwòsàn la kọ́kọ́ ń lọ, sà. Tá a bá dé, màá rán an."

Ó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i pé ó ti darúgbó.

Èkó la ti yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Nígbà tí èsì jáde, èmi àti òun la jọ lọ gbà á. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, mi ò mọ bí ẹ ṣe ń dá dúró," ó wí.

"Ṣé ọwọ́ mi máa padà?"

"Ó lè padà díẹ̀, tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ lónìí. Lónìí ni mo wí o. Ta ló tún máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín?"

Èmi ni mo ní, "Àwa àgbà, àti ọmọ mẹ́tàlá, dókítà."

Ó fi bírò sílẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Abẹ́ bíríìjì Sàngó la ti sọ̀ nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà. Àárín èrò ibẹ̀ ló dúró sí, tí àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè sí wa pé ká yà. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fà á sínú, kí wọ́n dì í mú," ó wí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó pe gbogbo òbí sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọ aṣọ funfun, mo bá a kọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ láìfi ọ̀kankan pa mọ́, títí kan pé wọ́n ti kìlọ̀ fún òun tẹ́lẹ̀ tí òun ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú wọn, bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó fẹ́ dìde, ọwọ́ méjèèjì ò lè tì í dìde. Ó gbìyànjú, ó gbìyànjú. Àwọn èèyàn ń wò ó. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la gbé e.

Ìyá ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi lẹ máa ń yìn pé òun ló lè di èémí mú pẹ́ jù," ó wí. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò, tọmọ yẹn ló burú jù.

Sẹ́ńséì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ìjọba wá ti ilé-iṣẹ́ náà pa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n kun géètì ní ọ̀dà míì, wọ́n kọ orúkọ tuntun sí i, èéfín sì ń yọ padà. A ti kó lọ sí Ìjù, orí ilẹ̀ pupa kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa mẹ́sàn-án ló kù. Ọwọ́ òsì Sẹ́ńséì ti ń lè di nǹkan mú díẹ̀, ti ọ̀tún ṣì ń fì. Ẹsẹ̀ àti ohùn ló fi ń kọ́ wa, kò sì tíì fo ọjọ́ kan. Wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi náà. Dókítà ní egungun ló máa ń lọ fara pa mọ́ sí, pé tí egungun bá gbó, ó lè tún jáde. Mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, Sẹ́ńséì máa ń lọ sílé ọmọbìnrin yẹn ní Joju. Ìyá rẹ̀ kì í ní kó wọlé. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún bíi wákàtí kan, á sì padà. Sọ́ńdè tó kọjá, mo bá a lọ. Ọmọ náà jáde wá, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo ti gbọ́ pé ó ti mọ ìlọ́po tí wọ́n ń kọ́ nínú ìṣirò dé méjìlá tẹ́lẹ̀, pé tó bá dé mẹ́fà báyìí á dúró, á máa wo ojú ẹni. Ó tẹrí ba fún Sẹ́ńséì bó ṣe kọ́ ọ. Sẹ́ńséì náà dìde, ó tẹrí ba fún un.

"Sẹ́ńséì, ìgbà wo ni mo máa padà wá?"

Ó gbé ojú sókè wo ìyá ọmọ náà.

"Ẹ dá a lóhùn," ìyá rẹ̀ wí.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ó wí. "Mi ò mọ̀."

Ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Wọn ò ti ilẹ̀kùn. A tún jókòó síbẹ̀ títí ọ̀sán fi lọ.