Ìrìn-àjò Kẹ̀kẹ́ sí Òkè-Ìlá

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ìlá, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì lè kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi, èmi àti ìyá àgbà nìkan la jọ ń gbé ilé. Ìyá mi ti kú kí n tó mọ ojú wọn dáadáa. Bàbá mi ń dáko kòkó àti obì, abà wọn jìnnà sí ìlú, ó sì di òpin ọ̀sẹ̀ ká tó rí wọn. Etí ìyá àgbà ti ń di díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Mo lè máa sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò títí dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n má gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ariwo fóònù kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ jọ wà níbẹ̀ kò bá gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Mo máa ń bá àwọn adìyẹ sọ̀rọ̀.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ni tíṣà kan kó dé sí ilé tó kọjú sí tiwa. Wọ́n ní ọmọ kan tó jẹ́ ọmọbìnrin bíi tèmi, tó sì jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti rékọjá títì wá bi mí pé kí ni mo ń sọ fún adìyẹ, mi ò dá nìkan wà mọ́. Ó lẹ́nu, ó láyà, ó sì ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí bàbá rẹ̀ rà fún un ní ìlú tí wọ́n ti ń bọ̀. Ọmọbìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́! Gbogbo àdúgbò ló ń jáde wò ó. Òun ló kọ́ mi lórí pápá ilé-ìwé. Mo ṣubú títí awọ orúnkún mi méjèèjì fi bó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n gùn.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Òkè-Ìlá fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní ìlú náà wà láàárín àwọn òkè, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, pé omi kan wà tó ń já láti orí àpáta sínú kòtò, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò láti fi sinmi. Ó yà mí lẹ́nu. Nílé tiwa, bó bá rẹ èèyàn, orí ẹní ló ń lọ. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè torí àtisinmi rin ìrìn-àjò.

Ọ̀rẹ́ mi dìde dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Tí a bá ti gba ọlidé ńlá, èmi pẹ̀lú ẹ la ó gun kẹ̀kẹ́ lọ.”

Láti ọjọ́ yẹn, a ò sọ nǹkan mìíràn mọ́. A fi igi ya ọ̀nà náà sórí ilẹ̀ lábẹ́ igi obì tó wà lẹ́yìnkùlé wa, a fi òkúta ṣe òkè, a fi ewé ṣe odò. Òjò á pa á rẹ́, àwa náà á tún un yà. Oúnjẹ tí a ó gbé dání dìjà sílẹ̀ láàárín wa. Òun fẹ́ ìrẹsì, mo ní yóò ti kan ká tó débẹ̀. A fẹnu kò sí gàárì, ẹ̀pà àti ṣúgà. A lọ bá bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́nà ọjà, a bi wọ́n bí òkè náà ṣe ga tó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

“Ẹ̀yin méjèèjì yìí? Ẹ ò ní lè gùn ún gòkè, ẹ óò tì í ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ má di bíréèkì iwájú mú lójijì o, á gbé yín ṣánlẹ̀.”

A lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, a sì ń fi bíréèkì ẹ̀yìn dánra wò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìyá àgbà kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Àwọn bàbá wa ni a bẹ̀. Tèmi ní, “Bí ẹ bá ti jẹ́ méjì, ẹ lè lọ. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá lọ.”

Bí ilé-ìwé ṣe padé báyìí, mo bá bàbá mi lọ sí abà láti lọ gba kẹ̀kẹ́ wọn. Mo bá wọn ṣa obì fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá, wọ́n fi epo pa ṣéènì, wọ́n fa afẹ́fẹ́ sí táyà, wọ́n ní kí n máa lọ ilé. Kẹ̀kẹ́ náà ga jù mí lọ, abẹ́ irin àárín ni mo ki ẹsẹ̀ gbà, mo sì ń wà á ní ẹ̀gbẹ́ kan bí akàn. Láti ìyànà tó wọ àdúgbò wa ni mo ti ń lu agogo, kí ọ̀rẹ́ mi lè sáré jáde wá wò mí.

Ẹnikẹ́ni ò jáde. Fèrèsé wọn ṣí sílẹ̀, kò sí aṣọ lára rẹ̀ mọ́. Mo wo inú yàrá, mo rí ògiri òdìkejì.

Ìyá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, “Wọ́n ti kó lọ. Ìjọba ló gbé tíṣà lọ sí ìhà Ìbàdàn, lọ́rìí wá kó wọn lánàá. Ọmọ náà wá ọ wá. Ibí yìí ló dúró sí títí wọ́n fi pè é.”

Mo pariwo sí wọn létí, “Kí ló ní kí ẹ sọ fún mi?”

“Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀,” wọ́n dáhùn. “Mi ò gbọ́ ọ, ọmọ mi.”

Mi ò rí i mọ́ láyé mi.

Nígbà tí bàbá mi wá sílé, wọ́n bá kẹ̀kẹ́ níbi tí mo fi tì sí lára ògiri.

“Ẹ ò tíì lọ?”

“Wọ́n ti kó lọ, bàbá.”

Wọ́n fọwọ́ tẹ táyà rẹ̀ wò, wọ́n wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn níta, wọ́n ti ká aṣọ, wọ́n ti so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

“Jókòó.”

“Níbo là ń lọ?”

“Ṣé kì í ṣe Òkè-Ìlá lo ní o fẹ́ lọ ni?”

Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo rí jù ní ọ̀nà náà, pẹ̀lú òógùn tó ń ràn kálẹ̀ lára ẹ̀wù wọn. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tí a bá dé ni mo ń fẹ́ pariwo pé ibí la fi òkúta ńlá sí, ibí la ní a ó ti mumi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa yé. Nígbà tí a dé ìdí òkè, a sọ̀ kalẹ̀, a jọ tì í. Ìkùukùu ṣì wà lórí àwọn àpáta. Àgbẹ̀ kan tó ń lọ sóko ló fi ọ̀nà omi náà hàn wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ mọ̀ pé ariwo omi yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ẹlòmíràn. A jókòó sórí òkúta, a rẹ gàárì, a mu ún. Bàbá mi wọnú omi dé orúnkún, wọ́n bọ́jú, wọ́n sì dúró síbẹ̀ pẹ́, wọ́n kẹ̀yìn sí mi.

Ìgbà tí a padà dé ojú ọ̀nà ni wọ́n tó la ẹnu. “Mo fẹ́ mú ìyá rẹ wá síbí. Mo ń sọ pé tí a bá ti ká kòkó ọdún yẹn tán.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn nípa ìyá mi nìyẹn títí wọ́n fi kú. Mo fẹ́ béèrè bóyá ìyá mi mọ̀, bóyá wọ́n ń retí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí ọmọ ṣe ń bi bàbá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo rọra di ẹ̀wù wọn mú. Bàbá mi náà rọra ń tẹ bíréèkì títí a fi sọ̀ kalẹ̀ tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n padà sí abà.

Ayé ti yí padà. Ọ̀nà Òkè-Ìlá kò le mọ́, ọ̀kadà ń gbé èèyàn débẹ̀ kí ara tó gbóná. Bí wọ́n bá gbé tíṣà kúrò níhìn-ín lónìí, ọmọ rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ tó fi sílẹ̀ á rí ojú ara wọn nínú fóònù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Inú mi ìbá dùn ká ní a ní i.

Nígbà ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ mi wá láti Èkó, ilé kún. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò mí, ó ní, “Ìyá àgbà, mo máa fi ọkọ̀ gbé yín lọ sí Òkè-Ìlá, ẹ máa lọ gbatẹ́gùn. Tí a bá tún wálé ni.”

Mo ní, “Kí ló dé tí a ò lè lọ lónìí?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Ó ní iṣẹ́ ń dúró de àwọn, pé kí n má ṣèyọnu, ọjọ́ ń bọ̀. Wọ́n gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mi ò fi gbọ́ ìró ọkọ̀ wọn mọ́, mo wá wọlé, mo lọ káṣọ tí wọ́n sá sílẹ̀.