Ọṣẹ Tó Dí Ìdérí Táńkì

Bàbá Elétí, tí í tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin lóṣù tó kọjá. Ìròyìn tó dé kẹ́yìn nípa rẹ̀ ni pé ó ti yọ pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ohun tó wà lára pátákó náà kò pọ̀: “Gbé e wá, etí mi á sọ ohun tó ń ṣe é.” Kò sẹ́ni tó ní kó yọ ọ́.

Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ yẹ̀yẹ́. Fún ogójì ọdún, bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn dé èbúté, Bàbá Elétí kì í kọ́kọ́ mú sípánà. Yóò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, yóò ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, yóò dijú, yóò sì tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí láti ẹ̀yìn ògiri. Lẹ́yìn náà ni yóò dájọ́: “Omi ti wọnú epo yín.” “Pálọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ ló ti kú.” Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó yá, kò fi ojú wá nǹkan kan mọ́. Bó bá sì ti dájọ́, kì í yí i padà.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni Ìyá Alọ́kọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wá. Opó ni, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì fi ń kó èrò sọdá odò. Ọ̀rẹ́ Bàbá Elétí ni ọkọ rẹ̀ tó kú. Ẹ́ńjìnnì tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìyá Alọ́kọ̀ rọra ṣàlàyé pé ìfà okùn àkọ́kọ́ ló ń jí, ó sì ń sáré dáadáa fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá wá dé àárín odò, agbára rẹ̀ á rọ, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá jẹ́ kó sinmi díẹ̀, á tún tají.

Ẹ́ńjìnnì ni Bàbá Elétí ń gbọ́. Kò gbọ́ obìnrin náà.

“Ìyàwó,” ó ní, “inú rẹ̀ ló ti jẹ. Ẹ́ńjìnnì yìí ti ṣe tirẹ̀ láyé.”

“Bàbá, ṣé ẹ ò ní tú u wò ni?”

“Kí ni mo fẹ́ tú wò? Ṣé ìgbà tá a bá la òkú nínú la tó mọ̀ pé ó ti kú?”

Àwọn awakọ̀ tó dúró yí wọn ká bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan kígbe pé, “Bàbá ti buwọ́ lù ú! Ẹ wá gbé òkú yín o!” Ìyá Alọ́kọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu imú.

Ó ta ẹ́ńjìnnì náà àti táńkì epo rẹ̀ fún Kòkánjú, oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì mìíràn, kó lè máa yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lò. Ó da ọkọ̀ rẹ̀ dé sórí ilẹ̀, ó sì lọ ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yà dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Elétí: “Ẹ ṣé tí ẹ ò tàn mí. Ẹlòmíì ì bá fi ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ mí gbẹ.” Bàbá ní kò tọ́pẹ́.

Ọwọ́ Bàbá Elétí yìí náà ni Kòkánjú ti kọ́ṣẹ́, kó tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Kì í tú nǹkan kó má kọ́kọ́ dán an wò. Ó ki ìdí ẹ́ńjìnnì náà bọ àgbá omi, ó so ó mọ́ táńkì epo tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan láìwúkọ́. Ó wá so ó mọ́ táńkì Ìyá Alọ́kọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó rọ. Kòkánjú wo bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ láti fa epo: ó ti wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí kò léyín. Ó tú ìdérí táńkì díẹ̀. Táńkì fa èémí, fííìì, ẹ́ńjìnnì sì tají.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìdérí náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀.

“Kòkánjú, kí ló lé ọ wá kánkán báyìí?”

“Ọ̀gá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí.”

Ihò tín-ínrín kan máa ń wà lára irú ìdérí bẹ́ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń jáde. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, epo kò ní jáde. Ọṣẹ ìfọṣọ ló dí ti èyí, bí àwọn oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń fi ọṣẹ dí táńkì tó ń jò. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú bíi rọ́bà. Àmì àtàǹpàkò kan wà lára rẹ̀, tí orí rẹ̀ gé kúrú. Ní gbogbo etí odò náà, ẹnì kan ló ní irú àtàǹpàkò bẹ́ẹ̀.

Bàbá Elétí rántí. Òun ló dí ìdérí náà nígbà kan tó ń fi ọ̀kadà gbé táńkì epo, kí epo má baà ta sí i láṣọ, lẹ́yìn náà ló jù ú sínú agolo pàǹtí. Nígbà tí ìdérí táńkì Ìyá Alọ́kọ̀ fọ́, ó wá a jáde, ó fi dé táńkì náà, ó ní, “Máa lọ, ọ̀fẹ́ ni.” Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó máa gbọ́,” ni Kòkánjú wí. “Mo máa dá ẹ́ńjìnnì náà padà fún Ìyá Alọ́kọ̀, mo máa ní mo pàrọ̀ nǹkan nínú rẹ̀.”

“O ṣé,” ni Bàbá Elétí dáhùn.

“O ṣé” yẹn tì í lójú ju ọṣẹ lọ. Fún ọjọ́ mẹ́rin, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni ní èbúté. Nílé, ó dúró ti bàsíà, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fọwọ́.

“Bàbá, ọṣẹ ò ní bù yín jẹ,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ló bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà gba ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹni mélòó ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn?”

“Wọ́n á tó mọ́kànlá.”

“Gbangba lẹ ti pa á. Ṣé kọ̀rọ̀ lẹ wá fẹ́ ti jí i?”

Ọjọ́ kejì ló yọ pátákó. Ó ní kí Kòkánjú má parọ́ kankan. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, níbi tí Ìyá Alọ́kọ̀ ti ń fún aṣọ ibùsùn.

“Ìyàwó, mo gbọ́ pé o fẹ́ ta ọkọ̀ yẹn.”

“Oníṣẹ́ igi kan ní òun máa wá gbé e lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá.”

“Má tà á.”

“Kí ló dé?”

“Wá sí èbúté lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìwọ àtàwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹ jọ máa gbọ́ ọ.”

Ìyá Alọ́kọ̀ wo ọwọ́ Bàbá. Bàbá ti fi àtàǹpàkò rẹ̀ pamọ́ sínú ìkúùkù.

Ìdérí náà wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bébà wé e. Kò tíì yọ ọṣẹ ara rẹ̀; ojú gbogbo wọn ni yóò ti yọ ọ́. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn mọ́kànlá. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra, Kòkánjú yóò gbé ẹ́ńjìnnì náà dé èbúté.