Àdúrà Hunggu Lẹ́yìn Tí Eṣú Jẹ Oko Wa

Ní abúlé wa ní erékùṣù Sumba, bí inú bá ń run ẹṣin ẹnì kan, Hunggu ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó wá oògùn. Alàgbà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkùnrin gíga tó ń gbàdúrà bí ẹni ń pe màlúù wálé. Ejò ṣán ọmọbìnrin rẹ̀ Ndena nígbà kan, ó gbàdúrà lé e lórí, ọmọ náà yè. Láti ọjọ́ náà ni Hunggu kò ti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́. Ńṣe ló ń pàṣẹ. Àwa náà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkàn wa máa ń balẹ̀ tí a bá gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àgbàdo ti pọnmọ nígbà tí ìròyìn dé pé eṣú ti bo ìhà ìlà oòrùn erékùṣù wa. Lapu, ẹ̀gbọ́n Hunggu, kò kúrò nínú ẹ̀sìn Marapu, ẹ̀sìn àwọn baba ńlá wa. Ó wá bá àbúrò rẹ̀ nílé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rún pinang, èso tí a máa ń jẹ bí obì, lẹ́nu, ó ń tu itọ́ pupa sílẹ̀.

"Àbúrò, a fẹ́ pa ẹlẹ́dẹ̀ fún àwọn bàbá. Mú tìrẹ wá, tèmi ti rù jù. Wọ́n á ní à ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹlẹ́dẹ̀ mi ò bá eṣú jà. Ẹ jẹ́ kó máa jẹun rẹ̀."

"Ṣé Jésù ló máa wá lé wọn?"

"Òun ni."

"Ó dáa. Sọ fún un kó tètè jí o, kòkòrò yẹn kì í pẹ́ lójú ọ̀nà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọn kì í jà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, Hunggu dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, pé ewé kan ṣoṣo kò ní já nínú oko ẹni tó bá gba Olúwa gbọ́. Gbogbo wa ṣe àmín.

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ pọ́n bí eruku, lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró wọn, bí ìgbà tí òjò bá ń bọ̀ lórí koríko gbígbẹ. A sáré sóko. Àwọn kan ń lu ìkòkò, àwọn kan ń dáná sun koríko kí èéfín lè lé wọn. Hunggu kò lu nǹkan kan. Ó dúró sí etí oko rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pàṣẹ fún wọn ní orúkọ Jésù pé kí wọ́n yà. Wọn ò yà. Wọ́n bà lé àgbàdo, wọ́n bà lé orí rẹ̀, wọ́n bà lé apá tó nà sókè, wọ́n ń rìn nínú ẹ̀wù rẹ̀. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Kahi, ìyàwó rẹ̀, wá fà á lọ́wọ́.

"Bàbá Ndena, ẹ wálé. Ó ti tó."

"Fi mí sílẹ̀! Wọ́n máa lọ!"

"Kí ni wọ́n máa jẹ kù kí wọ́n tó lọ?"

Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, pòròpórò lásán ló kù.

Oko Lapu náà kò ní ewé kan, bẹ́ẹ̀ ó ti pa ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, àwọn bàbá jẹ ẹlẹ́dẹ̀ mi, eṣú jẹ àgbàdo mi. Ìwọ ṣì ní ẹlẹ́dẹ̀. O gbọ́n jù mí lọ." Lọ́tẹ̀ yìí, Hunggu kò rẹ́rìn-ín.

Kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn kan ní ìtìjú ni, àwọn kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ní láti wà tó ń bò mọ́ra. Pásítọ̀ lọ ka Bíbélì fún un. Hunggu dúpẹ́, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń sin àlejò. Kahi nìkan ló ń lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tó ń múra, ọkọ rẹ̀ bi í pé:

"Kí lo fẹ́ lọ dúpẹ́ fún?"

"Mi ò lọ dúpẹ́. Ẹkún ni mò ń lọ sun. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè sunkún tí ẹnikẹ́ni ò ní ní kí n dákẹ́."

"O ṣì gbà pé ẹnì kan ń gbọ́?"

"Lọ́jọ́ mìíràn mo gbà. Lọ́jọ́ mìíràn mi ò gbà. Mo ṣáà ń lọ."

Hunggu wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Kahi. Bóyá ọmọ wa kàn yè ni. Bóyá ara mi ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí."

Kahi jókòó tì í. Òun náà kò lọ lọ́jọ́ náà.

Ìyàn wá mú. A bẹ̀rẹ̀ sí í wa iwi nínú igbó, iṣu olóró tó jẹ́ pé ńṣe la máa ń bẹ́ ẹ, tí a ó rẹ ẹ́ sínú odò tó ń ṣàn títí oró rẹ̀ á fi lọ. Mbangi, ìyàwó Lapu, kò jẹ́ kí tirẹ̀ pẹ́ tó nínú omi, torí ebi ń pa àwọn ọmọ, wọ́n ń sunkún. Ó sè é, ó ní kí òun kọ́kọ́ jẹ ẹ́ wò kí wọ́n tó jẹ. Kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń yí. Odò ti kún, kò sí ọkọ̀ tó lè sọdá lọ sí ilé ìwòsàn. A fún un ní omi àgbọn, ó bì í padà. Lapu sáré lọ bá àbúrò rẹ̀.

"Hunggu, wá gbàdúrà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí àdúrà lẹ́nu mi mọ́."

"Ti ejò yẹn ńkọ́?"

"Mi ò mọ ẹni tó ṣe é."

Lapu dì í lápá mú. "Ṣé mo bi ọ́ ni? Mo ti pe àwọn bàbá, wọn ò dá mi lóhùn. Ó dáa, má gbàdúrà. Ṣáà wá jókòó tì mí. Mi ò lè dá wo ojú rẹ̀."

Aládùúgbò wọn ni mí, mo wà nínú ilé náà. Hunggu jókòó síbi orí Mbangi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí ara obìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Olúwa, a ò mọ ohun tí a máa ṣe. Má fi wá sílẹ̀." Kò pàṣẹ. Ohun kan náà ló ń sọ ní àsọtúnsọ, Kahi, tó ti tẹ̀ lé e wá, ń ṣe àmín lẹ́yìn rẹ̀. Mbangi kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Lapu gbójú sókè. "Ṣé ó gbọ́ ọ?"

Hunggu dáhùn pé, "Ó gbọ́."

"Kí ló wá ṣe?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ó wà níbí. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, òun kò gbọ́ ohùn. Ó ní bí ìgbà tí èèyàn bá wọ yàrá tó ṣókùnkùn, tó sì mọ̀ pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀ ni. Mo bi í pé ṣé ìyẹn tó? Ó ní kò tó, ṣùgbọ́n ohun tí òun ní nìyẹn.

Kahi mú aṣọ tó ti ń hun fún ìgbéyàwó Ndena wá, wọ́n fi wé òkú náà gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Hunggu jókòó ti òkú náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí wọ́n fi sin ín. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan kùn pé kí ni alàgbà ń wá nídìí òkú Marapu.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Hunggu wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kahi nítòsí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kó padà sórí àga àwọn alàgbà, ó ní kí wọ́n ṣì fi òun sílẹ̀ níbẹ̀. Iyèméjì náà kò lọ tán. Àárọ̀ mìíràn wà tó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Lónìí, mi ò gbà." Kahi á ní, "Èmi gbà lónìí. Ẹ wọ bàtà yín, ká máa lọ."

Lapu kò tíì bá wọn lọ rí. Iwájú ilé rẹ̀ ló máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń kọjá.

"Àbúrò, bá mi bi í nípa Mbangi o."

"Mò ń bi í lójoojúmọ́, Ẹ̀gbọ́n mi."