Ẹni Kan Tí Ìwé Dókítà Sọ Di Mẹ́ta

Gbogbo Ṣakí ló mọ̀ pé ọmọ ilé wa kan ń kọ̀wé nípa àìsàn ọkàn. Bí mo bá lọ ra iyọ̀, wọn á ní, "Ìyá, a gbọ́ pé dókítà yín tún ti kọ òmíràn." Òmíràn, òmíràn! Èmi tí àìsàn ọkàn pa ọmọkùnrin mi lẹ́ẹ̀rùn yìí, kí ni kí n fi òmíràn ṣe?

Ìyàwó méjì ni bàbá ọkọ mi fẹ́. Ìyálé ló bí bàbá dókítà, ìyàwó kejì ló bí ọkọ mi. Àìsàn tí dókítà ń kọ̀wé lé lórí ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ara yẹ kó dà nù ni kò ní dà nù, á máa lọ kóra jọ sínú ọkàn títí ọkàn á fi le gbagidi. Ó sì ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ó ti pẹ́ tó kọ́kọ́ wá bi àwa ìyàwó ilé mẹ́ta pé àwọn wo ni èémí ń gé mọ́ nínú kí wọ́n tó kú lọ́dọ̀ọ́. Ó pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ohun tí a sọ, ó gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìdí ìyálé, ó sì fi ṣèwé. Kò gba ti ìdí tiwa. Ó ní tiwa mọ́.

Nígbà tí ọmọ mi kú, ó wá kí mi. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń ṣí ìwé rẹ̀.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Ẹni mẹ́ta ló kú ní ìdí ìyálé. Ní ìdí tiyín, kò sí. Níbo ni ọmọ yín ti wá rí i?"

"Bi Ọlọ́run. Àwọn mẹ́ta wo?"

Ó kà á: Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó.

Mo pàtẹ́wọ́. "Ẹni kan náà ni!"

Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Olúkálukú ló ń fún un lórúkọ tó wù ú. Ọmọkùnrin yẹn dúdú, ó ń dán, ni mo fi ń pè é ní Adúmáadán. Ìyàwó tó tẹ̀lé mi rí i pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ìkẹta ní tirẹ̀, eyín rẹ̀ ló ń wò. Àbúrò ọkọ mi ni, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ìyálé ló tọ́ ọ dàgbà, nígbà tí dókítà sì bi wá pé ọmọ ta ni, gbogbo wa dáhùn pé ọmọ ìyálé ni. Ta ló máa sọ pé ọmọ kì í ṣe ọmọ ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ?

Dókítà dá báírò dúró. "Ìdí yín gan-an ló wà nígbà náà. Kí lorúkọ rẹ̀? Kí n lè wá ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní ọsibítù."

"N kò lè pè é."

"Ìyá, ó ti kú!"

"Ṣé ikú rẹ̀ ló sọ mí di ọmọ ilé?"

Ni a bá pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin lórí fóònù, ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Òun lè pe orúkọ ẹni tó bá wù ú nínú ilé bàbá rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ ogbó ti kó orúkọ lọ.

"Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ àbúrò yín tó kú lọ́dọ̀ọ́?"

"Èwo nínú wọn?"

"Ẹ̀yin mẹ́ta péré ni ìyá yín bí!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dárúkọ kan.

"Orúkọ lèmọ́mù àdúgbò wa nìyẹn."

Ó dárúkọ mìíràn.

"Ọkọ yín nìyẹn!"

"O kúkú mọ̀ ọ́n. Pè é, kí a sinmi."

"Èèwọ̀!"

"Èmi ọmọ ilé ni mo ní kí o pè é. Àbí o fẹ́ kí àìsàn yìí tún mú ẹlòmíì?"

Ọmọbìnrin tí ọmọ mi fi sílẹ̀ ń gbálẹ̀ níta. Mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ dúró, mo gbọ́ bó ṣe ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Inú bí mi. Mo pariwo orúkọ náà. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Òun ni. Áà, òun ni. Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, kò sẹ́ni tó pè é sí mi létí mọ́." Ó bú sẹ́kún, ẹkún ọmọ tèmi náà sì gbé mi.

Dókítà ò tiẹ̀ gbọ́ ẹkún. "Ìyá, àfi kí n tún ìwé yẹn kọ o. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbọ́dọ̀..."

"Fi ìwé sílẹ̀!" Mo fa ọmọ náà wọlé, mo na apá rẹ̀ sí i. "Ẹ̀jẹ̀ rèé, gbà á!"

Ó gbà á. Ó ní oògùn wà, bí a bá tètè mọ̀. Èsì ò tíì dé. Fóònù ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tó bá sì pè láti kí mi kú ìrọ́jú, mo ń ní kó tètè gé e, kí ọ̀nà lè ṣí.