Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Tí N Ò Lè Dìde

Títí di òní, tí òórùn ẹja yíyan bá ti fẹ́ sí mi nímú ní Ẹ̀pẹ́, itan mi ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ìyàwó mi á sì bú sẹ́rìn-ín, torí ó mọ ohun tí mò ń rántí.

Ìgbògbò ni mò ń gbé nígbà yẹn. Káfíńtà ni mí, mo sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pákó. Orí fóònù ni mo ti máa ń wo àwọn ọkùnrin tí ikùn wọn pín sí mẹ́fà, ni mo bá gbà pé ọkùnrin tó ń lọ tọrọ ìyàwó gbọ́dọ̀ kún inú bùbá. Mo wọ jíìmù, níbi tí wọ́n ti ń gbé irin, mo pa ẹ̀bà tì, funfun ẹyin nìkan ni mò ń jẹ ṣáá. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ká lọ rí àwọn àna mi, kóòṣì tó ń kọ́ wa ní jíìmù fún mi ní oògùn kan tó ń mú kéèyàn máa tọ̀. Ó ní kí n má mu omi, kí iṣan lè yọ dáadáa. Ìyàwó mi bá mi jà lórí fóònù títí, mo ní kò mọ nǹkan kan. Orí kunkun!

Lọ́jọ́ náà, ètè mi gbẹ, orí ń fọ́ mi, àmọ́ bùbá mi fún mọ́ apá mi pinpin, inú mi sì ń dùn. Bí a ṣe dé ilé wọn létí ọ̀sà, níbi tí ìyá ìyàwó mi ti ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí n kí àwọn àna. Mo na gbalaja sórí ẹní. Wọ́n ṣàdúrà fún mi dáadáa. Bàbá ìyàwó mi, apẹja tí kò tó ìdajì mi, wá ní, "Ó tó, ọmọ mi, dìde."

Dìde kẹ̀! Pajápajá ti mú mi ní itan méjèèjì, ó mú mi níkùn, ojú mi ṣú, ohùn ò jáde. "Ẹ ò rí ọmọ tó gbẹ̀kọ́!" ni ìyá àgbà kan wí, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn lé mi lórí. Mò ń sunkún sórí ẹní, wọ́n ń ṣe àmín.

Ìyàwó mi ló fura. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e! Kò mu omi láti ìjẹta!" Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló dá gbé mi kọ́ èjìká títí dé ìdí mọ́tò. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa omi sí mi lára, ó ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, kídìnrín mi ì bá ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ojú tún ń tì mí, mo ti gbà pé wọn ò ní fún mi lọ́mọ mọ́.

Bàbá jókòó tì mí. "Ṣé ọmọ mi ló ní o ò tóbi tó?"

"Rárá o, sà."

"Ta wá ni?"

Mo ní èmi fúnra mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sún àwo ẹ̀bà àti ẹja yíyan tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá sọ́dọ̀ mi. "Jẹun, ká lè padà lọ parí ọ̀rọ̀ wa."

Mo ṣì ń lọ sí jíìmù o, pẹ̀lú ìgò omi ńlá. Bùbá yẹn náà ṣì wà, ó ti ṣò sí mi lára báyìí. Òun ni mo máa ń wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìyàwó mi á sì ní ó yẹ mí ju ti ọjọ́ yẹn lọ.